Ìbalẹ̀ láìlo agbára ẹ́ńjìnì: kí ló dé tí n kì í bọ́ sójú ìlà?

Ọmọ Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo wà nílé ní Adó fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò kúrò ní pápákọ̀ òfurufú tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù. Cessna 172 ni a ń lò, mo sì ti fò tó wákàtí 45. Ohun tí ó ń yọ mí lẹ́nu ni ìbalẹ̀ tí olùkọ́ máa ń fa throttle (ọ̀pá tí a fi ń fún ẹ́ńjìnì lágbára) sẹ́yìn pátápátá nígbà tí a bá wà lórí downwind (apá ọ̀nà tí a fi ń bá ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn bọ̀), ní ọ̀gangan ibi tí a fẹ́ balẹ̀ sí, tí yóò sì ní kí n lọ balẹ̀ sórí ìlà funfun kan láìtún fọwọ́ kan agbára ẹ́ńjìnì mọ́. Nínú mẹ́wàá tí mo ṣe kẹ́yìn, mo gùn kọjá ìlà náà nínú mẹ́fà, n kò dé ibẹ̀ rárá nínú mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ló bọ́ sí i, mo sì gbà pé oríire ni.

Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló burú jù. Mo rí i pé mo ti lọ sílẹ̀ jù, mo bá gbé imú bàálù sókè kí ó lè dé ibi tí mo ń lọ, ìró ìkìlọ̀ pé apá fẹ́ jáwọ́ lára gbígbé bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí olùkọ́ mi tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò bá mi wí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dùn mí ju ìbáwí lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ojú yín máa ń wò nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, báwo sì ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé àkókò ti tó láti yí sí base (apá ọ̀nà tí ó dábùú kí a tó kọjú sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀)?

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́

Àbúrò mi, kú ìsinmi o. Ohun tí o ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń ṣe, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn a máa fẹ́ gbé ohun tí ó ń já bọ́ sókè. Ṣùgbọ́n gbígbé imú sókè kì í mú bàálù tí kò ní agbára dé iwájú. Bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní eré kan tí ó máa ń gbé e jìnnà jù lọ nígbà tí ẹ́ńjìnì kò bá ṣiṣẹ́, inú ìwé rẹ̀ ni a ti ń rí i. Ti Cessna 172S jẹ́ knot (ìwọ̀n eré bàálù) 68 nígbà tí ẹrù rẹ̀ bá pé, ti 172N tí ó dàgbà jù ú lọ sì jẹ́ 65. Bí o bá gbé imú sókè tí eré fi bọ́ sí 55, yóò dà bí ẹni pé o rí díẹ̀ gbà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà bàálù yóò máa rì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibi tí o ń lé yóò sì máa sá fún ọ. Àwòdì tí ó ń rà bàbà lórí àpáta Olóṣùnta níbí ní ooru tí ń gòkè láti ara òkúta tí ó ń gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, àǹfààní tí ìwọ kò ní. Nítorí náà, nígbà tí a bá ti fa throttle sẹ́yìn, ohun àkọ́kọ́ ni kí o wá eré yẹn, kí o fi trim (ohun tí ń di imú bàálù mú síbi tí a fi í sí) dè é mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ rẹ lè fúyẹ́ lórí ọ̀pá ìdarí.

Ní ti ohun tí ojú ń wò: nígbà tí o bá ti wà lórí final (apá ìkẹyìn, tí a ti kọjú sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀), tí eré kò sì yẹ̀, wá ibi kan lórí ilẹ̀ tí kò gòkè tí kò sì sọ̀kalẹ̀ lójú gíláàsì iwájú rẹ. Ibẹ̀ gan-an ni bàálù ń lọ, ì báà wù ọ́, ì báà má wù ọ́. Bí ìlà funfun bá ń gòkè lójú gíláàsì, o kò ní dé e. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ imú, o máa gùn kọjá rẹ̀. Ọmọdé tí ó ń ju òkúta sí máńgòrò mọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Mo sì fura pé mo mọ ìdí tí o fi gùn kọjá nínú mẹ́fà. Ìlà náà gan-an ni o ń wò. Bí bàálù bá dé ìtòsí ilẹ̀ tí o sì tẹ́ imú rẹ̀ láti balẹ̀, kò ní kanlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; bí apá rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í fà á sẹ́yìn tó ti òkè mọ́, yóò sì máa fòó lọ síwájú díẹ̀ títí eré rẹ̀ yóò fi tán. Nítorí náà, ibi tí kò yẹsẹ̀ lójú gíláàsì gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ìlà funfun náà. Bí ó ṣe jìnnà tó wà lọ́wọ́ bàálù àti afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà, ìwọ ni yóò wọ̀n ọ́n. Bí eré rẹ bá fi knot márùn-ún péré ju bó ṣe yẹ lọ, fífòó yẹn yóò gùn débi tí ó máa yà ọ́ lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ final ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n kí àbúrò wa tó dé orí final ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, 172 máa ń lọ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án síwájú fún ẹsẹ̀ bàtà kan tí ó bá fi sọ̀kalẹ̀. Bí o bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 9,000 ni gbogbo ọ̀nà tí o ní, ìyẹn kìlómítà méjì àti àbọ̀ ó lé díẹ̀, inú rẹ̀ ni o sì gbọ́dọ̀ ti yọ downwind tí ó kù, yíyí méjèèjì, base àti final. Bí ẹsẹ̀ bàtà 700 ni ó máa ń sọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà kò tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tí ohun gbogbo yóò fi parí. Gíga ni owó àpò rẹ. O lè ná an nígbà tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti kú, kò sí ẹni tí yóò yá ọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, ìdánwò awakọ̀ tí yóò máa gba owó iṣẹ́ ní irú ìbalẹ̀ yìí nínú: wọn á fa throttle sẹ́yìn ní ọ̀gangan ibi ìbalẹ̀, ní ibi tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilẹ̀ lọ, o sì gbọ́dọ̀ fi táyà kanlẹ̀ láàárín ibi tí o dárúkọ àti ẹsẹ̀ bàtà 200 lẹ́yìn rẹ̀. Kíkanlẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, kódà kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ìjákulẹ̀ ni. Ẹ wo ọgbọ́n inú òfin yẹn dáadáa, nítorí pé nínú oko gidi, ohun tí ó wà ṣáájú ibi tí o fẹ́ balẹ̀ sí lè jẹ́ igi tàbí wáyà iná.

Ní ti ìgbà tí a ń yí, afẹ́fẹ́ ni kí o bi. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le lójú ọ̀nà ìbalẹ̀, ẹ̀yìn ni ó ti ń tì ọ́ lórí downwind, ó ń gbé ọ jìnnà sí ilé, nígbà tí o bá sì kọjú sí i lórí final, yóò gbà lára ọ̀nà tí o ní. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń yí sí base bí ẹni pé mo ń kánjú, àní kí n tó fa throttle sẹ́yìn tán. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, mo lè dúró díẹ̀. Base ni ọjà, ibẹ̀ ni a ti ń ná an. Bí o bá rí i pé o ti ga jù, yẹ̀ sóde díẹ̀ tàbí kí o la flap (abala ẹ̀yìn apá tí a ń tẹ̀ sílẹ̀ kí bàálù lè sọ̀ kíákíá); bí o bá rí i pé o ti rẹlẹ̀, gé igun náà kí o sì dorí kọ ìlà tààrà láìdúró de igun mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ti yí sí final kò ní ohun púpọ̀ láti ná mọ́.

Nǹkan kan ṣì wà tí n kò lè má sọ. Bí o bá rí i pé yíyí rẹ sí final ti pẹ́, tí o ń kọjá ojú ọ̀nà, má ṣe fi ẹsẹ̀ ti imú wọlé, má sì ṣe dojú apá dé gidigidi. Bí bàálù bá dẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n 30, eré tí apá yóò fi jáwọ́ lára gbígbé e máa ń fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ní ìwọ̀n 45, ìdá mọ́kàndínlógún ni. Ibi rírẹlẹ̀ tí kò sí àyè àtúnṣe báyìí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti bá ikú pàdé. Fún ẹ́ńjìnì lágbára kí o gbéra padà, ìdánrawò ṣì ni.

Ọmọ Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ọjà yẹn sínú ìwé. Ó ku ìbéèrè méjì. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ ní ìdánrawò yìí ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́, ṣé òótọ́ ni? Bí bàálù bá sì ga jù, flap ni kí n kọ́kọ́ lò ni àbí slip (fífi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀)?

Onímọ̀ Ẹ́ńjìnì, Ìkọ̀lé

Èmi kì í wa bàálù o, ìdérí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni mo máa ń ṣí. Fífa throttle sẹ́yìn nìkan kì í ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ohun tí àwa kò fẹ́ ni kí ẹ́ńjìnì tí ó ti gbóná gan-an tutù lójijì. Àwọn kan nínú wa gbà pé òtútù òjijì bẹ́ẹ̀ máa ń la orí sílíńdà, àwọn mìíràn ní àsọdùn ni, mo sì ti jókòó níbi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣe àríyànjiyàn títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Lórí downwind, agbára rẹ ti kéré tẹ́lẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò le níbẹ̀. Ìgbà tí ó yẹ kí o kíyè sí i ni ìgbà tí ẹ bá ń ṣe é láti ẹsẹ̀ bàtà 3,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: máa fún ẹ́ńjìnì ní agbára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 500 tí ẹ bá sọ̀, kí ó má baà tutù jù, kí o sì mọ̀ dájú pé yóò dáhùn nígbà tí o bá pè é.

Bí tiyín bá ní kábúrétọ̀, bíi ti 172N, fa ooru kábúrétọ̀ kí o tó dín agbára kù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín pé yìnyín wo ni yóò wà ní Èkìtì. Bí epo bá ń di oru tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ọ̀nà tóóró kọjá nínú kábúrétọ̀, inú ibẹ̀ máa ń tutù kọjá bí ó ti yẹ, omi inú afẹ́fẹ́ sì lè dì níbẹ̀ nígbà tí àwa ń làágùn níta, pàápàá ní àsìkò òjò. Bí throttle bá wà ní pípa, ihò tí ó kù kò tó nǹkan, yìnyín díẹ̀ yóò dí i. Èyí tí yóò wá bá ọ ni pé ìdánrawò rẹ á di òótọ́. 172S kò ní kábúrétọ̀, nítorí náà èyí kò kàn án.

Kí o sì rántí pé ẹ́ńjìnì tí ó ń rọra ṣiṣẹ́ kì í ṣe òkú ẹ́ńjìnì. Bí ó bá kú ní tòótọ́, afẹ́fẹ́ ni yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ iwájú, abẹ̀bẹ̀ náà yóò sì máa fa bàálù sẹ́yìn, nítorí náà yóò sọ̀kalẹ̀ yára ju èyí tí o ń dán wò lọ.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Èmi yóò dáhùn èyí kejì. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ lo slip, kí flap kẹ́yìn, àwọn olùkọ́ kan yóò sì bá mi jà lórí rẹ̀. Ìdí mi ni pé flap tí o bá ti là kò ṣeé pa padà ní ìtòsí ilẹ̀, nítorí pé bí o bá pa á, bàálù yóò rì lójijì kí ó tó tún rí ẹsẹ̀ dúró. Slip yàtọ̀: o dẹ apá kan sílẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, o fi ẹsẹ̀ tẹ rudder (pátákó ìrù tí ń yí imú) sí òdìkejì, ìhà bàálù dábùú afẹ́fẹ́, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ kíákíá láìyára sí i, nígbà tí ó bá tó ọ, o tú u sílẹ̀, o sì tún gba bàálù rẹ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Má ṣe gbé imú sókè nínú rẹ̀, má sì gbẹ́kẹ̀ lé aago eré pátápátá nígbà tí o bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò wọ ojú ihò rẹ̀ tààrà mọ́. Ka ìwé bàálù rẹ pẹ̀lú, torí pé àwọn 172 kan wà tí ìwé wọn ní kí a yẹra fún slip nígbà tí flap bá ti là jìnnà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọgbọ́n bàálù kékeré ni slip, sọ ti Boeing 767 kan fún un, èyí tí epo tán nínú rẹ̀ lójú ọ̀run Kánádà ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1983, nítorí pé wọ́n ti ṣi ìwọ̀n epo kà. Ọ̀gá awakọ̀ rẹ̀, Robert Pearson, ti máa ń wa bàálù aláìní-ẹ́ńjìnì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé òun ti ga jù fún pápá ológun àtijọ́ tí ó wà ní Gimli, slip ni ó fi sọ ọkọ̀ ńlá yẹn kalẹ̀, gbogbo ènìyàn 69 tí ó wà nínú rẹ̀ sì yè.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ọ̀tùn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi sì dùn. Ìlà funfun nìkan ni ẹ ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni nítorí oko ni a ṣe ń fi ìlà dánra wò. Láti ọdún 2022 tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú wa ní ọ̀nà Ìjàn ni mo ti ń ronú nípa awakọ̀ bàálù kékeré tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá dákẹ́ lórí ilẹ̀ Èkìtì níbí, níbi tí òkè pọ̀ ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ.

Èkíní ni pé kí ó mọ iye gíga tí ó ní gan-an. Aago gíga bàálù ń ka gíga láti ìpele òkun, Adó sì fi ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ga ju òkun lọ. Ẹni tí ó bá rí 2,000 lójú aago níbí, tí ó sì rò pé 2,000 ni òun ní, kò ní tó ìdajì ohun tí ó rò. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní etíkun ni èyí máa ń mú jù.

Èkejì ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Oko iṣu tí ó tutù lójú láti òkè jẹ́ ikú, nítorí pé ebè kò jẹ́ kí táyà yí. Táyà iwájú á há, bàálù á sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oko tí wọ́n fi katakata kọ, tí kò sì sí òmíràn, tẹ̀lé ojú poro, má ṣe dábùú rẹ̀. Pápá ìrẹsì ní ìhà Ìgbẹ́mọ lè tẹ́jú lẹ́yìn ìkórè, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ní àsìkò òjò, ẹrẹ̀ ni. Pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ máa ń fa ojú mọ́ra, síbẹ̀ ẹ ṣírò rẹ̀: lẹ́yìn tí 172S bá ti kanlẹ̀, ìwé rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 575, bíi mítà 175, ni yóò yí lọ kí ó tó dúró lórí ilẹ̀ líle ní ìpele òkun, ìwé náà sì ní kí a fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kún un bí ó bá jẹ́ koríko gbígbẹ. Mítà 250 nìyẹn. Pápá bọ́ọ̀lù kan kò ju nǹkan bíi mítà 100 lọ, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì lè wà lórí rẹ̀. Èmi yóò yan pápá ìjẹko tàbí oko tí wọ́n ti kórè ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, èyí tí ó ń gòkè díẹ̀, kí n sì balẹ̀ sí ibi tí ó ń gòkè, àfi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn bá le jù.

Ẹ lè dán èyí wò láìbalẹ̀. Ẹ fa throttle lórí oko, ẹ yan ibi kan, ẹ máa lọ síbẹ̀, kí ẹ sì gbéra padà ní ẹsẹ̀ bàtà 500 sí ilẹ̀, ó pẹ́ tán, níbi tí kò sí ilé tàbí ènìyàn. Níbẹ̀, ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ máa dé e.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Títì ọlọ́dà ńkọ́? Èmi ti máa ń rò pé ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ yóò gbà mí.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà. Láti òkè, títì nìkan ni ẹ ń rí, ẹ kì í rí wáyà. Ẹ wo ọ̀nà yẹn bí ẹ bá tún gbà á kọjá: òpó iná ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wáyà tí ó dábùú ọ̀nà sí ilé oníkálùkù, ọ̀kadà àti mọ́tò akérò tí kò retí yín. Bí mo bá rí òpó, mo máa ń gbà pé wáyà wà láàárín rẹ̀, yálà mo rí i tàbí n kò rí i. Oko ẹ̀gẹ́ Bàbá ni èmi yóò lọ. Ní àsìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo gbogbo ojú ọ̀run, wáyà náà á tún farapamọ́ sí i, kí n má tilẹ̀ sọ àpáta.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́

Òótọ́ ni. Mo wo ọ̀nà náà lónìí bí mo ti ń bọ̀ láti Adó, mo ka wáyà mẹ́sàn-án tí ó dábùú rẹ̀ kí n tó dé ilé. Mo ti yí ọkàn mi padà.

Ọmọ Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Láàárọ̀ òní, mo ṣe mẹ́jọ. Márùn-ún bọ́ sáàárín ìlà àti ẹsẹ̀ bàtà 200, méjì gùn kọjá, mo sì gbéra padà nínú ìkẹjọ nítorí pé mo rí i lórí base pé n kò ní dé ibẹ̀. Slip ọwọ́ òsì ti ń wọ̀ mí lára, ti ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń ṣe mí bí ẹni tí ó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo fi ojú sí ibi kan tí koríko ti gbẹ ṣáájú ìlà, mo sì jẹ́ kí ìlà náà fúnra rẹ̀ máa bọ̀ wá bá mi.

Olùkọ́ mi kò sọ ohunkóhun títí a fi dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nígbà tí mo pa ẹ́ńjìnì tán, ó bi mí pé ta ló ní kí n máa wo ibi tí koríko ti gbẹ. Mo ní àwọn ará ilé mi ni.